Ara Yíyún Àwọn Ọmọ Ajá Bàbá Olúbọ̀wálé

Ní ọdún tí owó Údójì rọ̀ bí òjò sórí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, oríṣiríṣi ọgbọ́n ni ó bá a sọ̀kalẹ̀ sí Mafolúkù. Ẹnìkan ra ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán sínú yàrá tí kò ní iná mànàmáná, ó sì ń fi aṣọ léèsì bò ó kí eruku má baà bà á. Ẹlòmíràn ra alùpùpù kí ó tó mọ̀ ọ́n gùn, ó sì ń tì í lọ sí ibi iṣẹ́ ní àràárọ̀ tìgbéraga-tìgbéraga. Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runyọmí Adéyẹyè, ẹni tí gbogbo ilé wa ń pè ní Bàbá Olúbọ̀wálé, kò sí lára irú àwọn aláìnírònú bẹ́ẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, ó kàwé, akọ̀wé ni ní ọ́fíìsì ìjọba. Ó ra ilẹ̀ sí Ailégùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́lé síbẹ̀, ó sì gba ajá òyìnbó. Nínú nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ajá nìkan ni kò sí nínú omi.

Jẹ́nì ni orúkọ ajá náà. Òyìnbó kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú ni ó ń padà sí ìlú wọn, tí ó sì fi í ta Bàbá Olúbọ̀wálé lọ́rẹ. Kò pẹ́ tí ó dé ọ̀dọ̀ wa tí ó fi bí ọmọ mẹ́ta. Ayọ̀ ọkùnrin náà kò ṣeé fẹnu sọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí Olúbọ̀wálé, ẹnu iṣẹ́ ni ó wà, nítorí pé iṣẹ́ ìjọba kò gbọdọ̀ dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jẹ́nì ń rọbí, ó gba ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó ní ara ẹbí òun kan kò yá.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé eré lásán ni ó fi àwọn ajá náà ṣe. Àwọn olè ń kó irin àti pákó ní Ailégùn bí ẹni ń kó ìkórè. Ohun tí Bàbá Olúbọ̀wálé bá gbé síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, kì í bá a níbẹ̀ ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e. Bí àwọn ọmọ ajá náà bá dàgbà, wọn yóò máa ṣọ́ ilé náà. Láìsí wọn, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀, ìpìlẹ̀ ni òun yóò máa kọ́ títí òun yóò fi kú, yàrá àyágbé ni wọn yóò sì ti gbé òkú òun jáde. Nítorí náà, ó gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé àwọn ẹ̀dá tí ojú wọn kò tíì là.

Ó kọ́ ilé fún wọn sí ẹ̀yìnkùlé. Ó fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n, ó fi páànù bò ó, ó sì kùn ún ní ọ̀dà funfun. Ilé àkọ́kọ́ tí ó kọ́ parí ní ayé rẹ̀ nìyí, ó sì yẹ kí a kí i. Inú ilé náà ni ó tẹ́ ìwé àpò sìmẹ́ǹtì sí, ní ìpele-ìpele. Ní àkókò náà, sìmẹ́ǹtì pọ̀ débi pé àwọn ọkọ̀ òkun tí wọ́n kó o wá sí Èkó tò sójú omi bí èrò Òṣòdì tí ń retí mọ́tò. Ẹni tí a bá rí àpò sìmẹ́ǹtì ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, a mọ̀ pé ó ń kọ́lé. Ẹni tí a kò bá rí i lọ́dọ̀ rẹ̀, ayálégbé ayérayé ni. Ní ọjọ́ Sátidé gbogbo, bí Bàbá Olúbọ̀wálé bá ti Ailégùn dé, àpò òfìfo tuntun ni yóò gbé dání, eruku rẹ̀ yóò sì máa fò lẹ́yìn rẹ̀ bí èéfín ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ọmọ ajá a sì sùn lórí ẹ̀rí.

Ó ku orúkọ. Yorùbá kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ nínú sí aládùúgbò rẹ̀, tí kò sì fẹ́ ìjà, ajá ni yóò fi sọ ọ́. Yóò máa pe ajá rẹ̀. Ta ni yóò sì dá ènìyàn lẹ́kun pé kí ó má pe ajá rẹ̀? Bàbá Olúbọ̀wálé lo àṣà yìí dé góńgó. Ó sọ ọmọ ajá kìíní ní Inú-ń-bí-wọn, èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo ilé. Ó sọ èkejì ní À-ń-kó-lọ. Èyí jẹ́ ti onílé wa, Alhája Fàósátù, tí a ń pè ní Ìyá Mùnírù. Ẹ̀kẹta, tí ó kéré jù, ni ó sọ ní Kí-ló-kàn-ọ́. Èyí jẹ́ ti Ìyá Títí.

Ìyá Títí, Olúfọlákẹ́ ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ni ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìsọlọ̀, gbogbo wa sì ń pè é ní Tíṣà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó ṣẹ̀ wúwo. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n pàdé ní ìdí ẹ̀rọ omi, ó wí fún Bàbá Olúbọ̀wálé pé kí ó dúró kí òjò rọ̀ ná kí ó tó fi ìpìlẹ̀ ilé rẹ̀ lélẹ̀, nítorí pé omi máa ń dúró ní apá ibẹ̀. Òjò rọ̀. Omi dúró. Ènìyàn lè dárí ji ẹni tí ó ṣe àṣìṣe; ṣùgbọ́n ta ni yóò dárí ji ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ? Láti ìgbà náà ni Bàbá Olúbọ̀wálé ti ń dúró sí abẹ́ fèrèsé Tíṣà, èyí tí ó kọjú sí ilé ajá tààrà, tí yóò máa ké ní àràárọ̀ pé, "Kí-ló-kàn-ọ́! Kí-ló-kàn-ọ́ dà? Kí-ló-kàn-ọ́, wá jẹun!" Tíṣà a sì fa kọ́tìnnì rẹ̀, a wọ bàtà, a sì gba ibi iṣẹ́ lọ.

Bí ayé ṣe ń dùn lọ nìyí tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí yún àwọn ọmọ ajá. Wọn a họra títí wọn yóò fi ṣubú. Irun wọn ń re wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, awọ tí ó hàn lábẹ́ rẹ̀ sì pupa bí ẹ̀yìn ìka tí a fi rin ata. Jẹ́nì ní tirẹ̀ ń dán. Jẹ́nì kì í sùn nínú ilé funfun náà. Orí iyanrìn lábẹ́ igi fúrúùtù ni ó máa ń dùbúlẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni yóò ti fi ẹnu gbé àwọn ọmọ rẹ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan, Bàbá Olúbọ̀wálé yóò sì tún kó wọn padà sínú ilé.

"Ìwà ìgbẹ́," ni ó máa ń sọ. "Òyìnbó yẹn kò kọ́ ọ dáadáa."

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó mú ìmọ̀ wá ni Àyàntúndé, ọmọ Ọ̀yọ́ tí ń tún alùpùpù ṣe ní ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ó wo àwọn ọmọ ajá náà láti òkèèrè, ó sì ti mọ gbogbo rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú ni òògùn ẹ̀. Ẹ fi ra wọ́n lẹ́yìn, ẹ wá wò ó."

"Ṣé kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan?"

"Ẹ́ńjìnnì ńkọ́, tó ń mu ún látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Kí ló ṣe é?"

Bàbá Olúbọ̀wálé, tí ó kàwé, lọ mú agolo wá. Wọ́n ra ọ́ìlì náà sí àwọn ọmọ ajá lẹ́yìn. Mo kọ́ ọ ní ilé ìwé pé epo rọ̀bì ni ó sọ orílẹ̀-èdè wa di ọlọ́rọ̀. N kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi ìfẹ́ ná an tó báyìí. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, awọ ẹ̀yìn wọn, tí kò ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ti bó. Ara tí ń yún wọn lábẹ́ sì ń yún wọn lọ. Ní báyìí, òkè àti ìsàlẹ̀ ti dọ́gba.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni Alhája dé ẹ̀yìnkùlé. Ó di ọmọ-ọmọ rẹ̀ kékeré lọ́wọ́ mú, apá ọmọ náà sì pupa.

"Bàbá Olúbọ̀wálé, ẹ jáde wá."

"Ẹ káàárọ̀, Alhája."

"Kò sí àárọ̀ kankan níbẹ̀. Ẹ wo apá ọmọ yìí. Inú ilé ajá yín ló ti lọ ń ṣeré lánàá. Ó ti ń họra bíi tiwọn."

"Alhája, à ń wádìí ẹ̀."

"Ẹ ti ń wádìí ẹ̀ tipẹ́. Nítorí olè ni mo ṣe gbà kí ajá wọ ilé tí mo ti ń kírun. Ẹ sọ ọ̀kan ní À-ń-kó-lọ, mo gbọ́, mo dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó lọ, ẹ ò sì tíì kó. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí mo bá kírun Jímọ̀ tó ń bọ̀ dé, tẹ́ ẹ ò bá lè sọ ohun tó ń jẹ àwọn ajá yìí fún mi, Mùnírù á kó wọn sínú àpò, á lọ dà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè l'Óṣòdì."

"Ẹ̀mí ni wọ́n o, Alhája."

"Ọmọ mi náà kì í ṣe igi."

Ó lọ. Mùnírù, ọmọ rẹ̀ tí ó sanra, tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, rẹ́rìn-ín músẹ́. Iṣẹ́ ti dé.

Bàbá Olúbọ̀wálé wọ kóòtù. Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé Kí-ló-kàn-ọ́ sínú agbọ̀n, ó pe ìyàwó rẹ̀, Adéfúnmiláyọ̀, kí ó bá òun rù ú, wọ́n sì jọ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ìyàwó rẹ̀ ni ó ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún wa ní ìdí ẹ̀rọ omi, n kò sì ní ìdí láti má gbà á gbọ́, nítorí pé bí ó ti ń sọ ọ́ ni inú ń bí i.

Dókítà náà jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó yẹ ọmọ ajá náà wò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ọ̀rọ̀.

"Kí ni ẹ̀ ń fún wọn jẹ?"

"Ẹran màlúù, sà. Pẹ̀lú mílíìkì."

Ẹ̀bà àná àti egungun ẹja ni àwọn ọmọ ajá náà ń jẹ, àwọn àti Olúbọ̀wálé.

"Kí lẹ fi ra ẹ̀yìn rẹ̀?"

"Ìpara kan ni, sà, láti òkè òkun."

"Orí kí ni wọ́n ń sùn?"

Ìbéèrè yìí ni ó ká Bàbá Olúbọ̀wálé mọ́. Ó wo ara rẹ̀, ó wo kóòtù rẹ̀, ó wo fọ́tò ọmọ ajá òyìnbó tí wọ́n kọ́ sí ara ògiri, tí ó sùn sórí tìmùtìmù. Ǹjẹ́ ẹni tí ó wọ kóòtù lè sọ pé ìwé àpò ni ajá òun ń sùn lé?

"Fóòmù ni, sà," ni ó wí. "A sì máa ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì rẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni dókítà wí. "Mo béèrè nítorí pé àwọn ẹlòmíràn máa ń tẹ́ oríṣiríṣi ìdọ̀tí fún ajá, wọ́n á wá máa dá kòkòrò lẹ́bi. Bó bá jẹ́ pé orí fóòmù tó mọ́ ni wọ́n ń sùn, a jẹ́ pé kòkòrò abẹ́ awọ ló kù." Ó fún wọn ní ìpara kan tí ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́.

Adéfúnmiláyọ̀ gbé agbọ̀n náà rù, wọ́n sì jáde sí ojú títì.

"Fóòmù wo?" ni ó béèrè.

"Sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́."

"Mo ní fóòmù wo, Bàbá Olúbọ̀wálé? Èmi àti ẹ̀yin ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì oníkoríko tó ń gún mi nídìí. Àwọn ọmọ ń sùn lórí ẹní. Ajá wá ń sùn lórí fóòmù! Ẹ jọ̀ọ́, nígbà wo ni wọ́n máa gbà wá láàyè ká lọ kí wọn níbẹ̀?"

"Ṣé o fẹ́ kí dókítà rò pé tálákà ni wá ni?"

"Ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ò tíì mọ̀."

Wọ́n fi ìpara náà ra àwọn ọmọ ajá. Wọ́n ń rùn. Wọ́n sì ń họra. Bàbá Olúbọ̀wálé wá ronú jinlẹ̀, ó sì rí ìdí ọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe kòkòrò. Ó ní ojú ni. Ó ní fèrèsé ẹnìkan wà tí ó kọjú sí ilé ajá òun, àti pé láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́lé ni ẹni náà kò ti lè sùn.

"Bí ojú bá ń mú irun re," ni ìyàwó rẹ̀ fèsì, "orí yín ni ì bá kọ́kọ́ pá."

Obìnrin náà kò dúró gbọ́ èsì. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ó rí i pé ọmọ ajá tí ó kéré jù kò jẹun mọ́, tí ilẹ̀ sì fẹ́ mọ́ sí Jímọ̀, ó dá ara rẹ̀ lọ kan ìlẹ̀kùn Tíṣà.

"Ìyá Títí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú. Látojú fèrèsé yín lẹ ti ń rí àwọn ajá yìí ní gbogbo ìgbà. Ṣé ẹ ò rí nǹkan kan?"

"Mo rí i," ni Tíṣà wí. Ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ ni ó ń yẹ̀ wò, kò sì gbé ojú sókè. "Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ohun tó ń ṣe wọ́n."

"Háà! Ẹ ò sì sọ fún wa!"

"Mo ti fẹ́ sọ ọ́. Mo ti ṣí fèrèsé láti sọ ọ́. Ọkọ yín sì dúró sábẹ́ ibẹ̀, ó ń béèrè ohun tó kàn mí. Mo rò ó wò, mo rí i pé kò kàn mí lóòótọ́."

"Ẹ má wo tiẹ̀. Ẹ wo ojú mi."

"Ojú yín ni mo ń wò, Ìyá Olúbọ̀wálé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ǹ bá ti lé yín jáde. Ẹ sọ fún un pé kí ó wá fúnra rẹ̀. Kí ó dúró síbi tó máa ń dúró sí, kí ó yí orúkọ ajá yẹn padà lójú gbogbo ilé. Lọ́jọ́ yẹn, ó máa kàn mí."

Nígbà tí wọ́n jẹ́ iṣẹ́ yìí fún Bàbá Olúbọ̀wálé, ó fi èdè Èkìtì sọ ohun tí n kò lè kọ sílẹ̀ níhìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó fi Yorùbá gidi sọ pé òun kò ní tọrọ ìmọ̀ lọ́wọ́ obìnrin tí kò ní ilẹ̀ níbì kankan. Kí ó lè fi hàn pé òun nìkan tó àwọn ajá òun tọ́jú, ó kó àpò sìmẹ́ǹtì tuntun tí ó kù lẹ́yìn ilé jáde, ó sì tẹ́ ẹ ní ìlọ́po méjì sí abẹ́ àwọn ọmọ ajá. Jẹ́nì gbé wọn jáde. Ọkùnrin náà kó wọn padà. Jẹ́nì tún gbé wọn jáde. Ó so Jẹ́nì mọ́lẹ̀.

Jímọ̀ mọ́. Bàbá Olúbọ̀wálé kò lọ sí ibi iṣẹ́. Alhája wọ aṣọ funfun, ó lọ kírun. Mùnírù fi àpò ẹ̀wà kan tí ó yá lọ́wọ́ Ìyá ẹlẹ́wà sí èjìká, ó gbé àga sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì jókòó bí dírẹ́bà tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì kún. Inú-ń-bí-wọn àti À-ń-kó-lọ ń họra síbẹ̀. Kí-ló-kàn-ọ́ kò họra mọ́. Ó na gbalaja sórí ìwé àpò náà, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ìmí rẹ̀ sì ń lọ ní kíákíá. Bàbá Olúbọ̀wálé jókòó tì í. Ó fi ìka kan ṣoṣo pa á lórí. 

A gbọ́ ohùn Alhája ní ẹnu ọ̀nà. Ó ti dé. Mùnírù dìde, ó na àpò rẹ̀. Ní àkókò náà ni Bàbá Olúbọ̀wálé dìde pẹ̀lú, ó sì rìn lọ sí abẹ́ fèrèsé.

"Tíṣà."

Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìwé dé ni. Ó ṣí fèrèsé. "Ẹ káàsán, sà. Kí ni mo lè ṣe fún yín?"

"Ọ̀rọ̀ ajá yìí ni."

"Èwo nínú wọn, sà? Ẹ dárúkọ rẹ̀."

Ó nàka sí èyí tí ó kéré jù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárúkọ ẹ̀ o!" ni Àyàntúndé ké láti ẹ̀yìn. "Láràárọ̀ ẹ kì í gbàgbé ẹ̀."

"Mo yí orúkọ rẹ̀ padà," ni Bàbá Olúbọ̀wálé wí, ó ń wo ilẹ̀. "Láti òní lọ, Bíńgò ni."

"Bíńgò kò sọ nǹkan kan," ni Tíṣà fèsì. "Èyí tẹ́ ẹ fi bú mi sọ̀rọ̀ ketekete. Èyí tẹ́ ẹ ó fi bẹ̀ mí kò gbọdọ̀ yadi."

"Kí wá ni kí n pè é?"

"Ẹ̀yin lẹ kàwé, sà."

 Bàbá Olúbọ̀wálé wo Mùnírù, ó wo àpò. "Gbàmọ̀ràn," ni ó wí.

"N ò gbọ́ dáadáa, sà. Ẹ ò pè é bí ẹ ṣe máa ń pe èyí àná."

"Gbàmọ̀ràn!" ni ó ké, ohùn rẹ̀ sì dé ojú títì. "Gbàmọ̀ràn! Gbàmọ̀ràn o!"

"Ẹ dúró ná," ni Alhája wí, ó ti dé àárín agbo. "À-ń-kó-lọ ńkọ́? Ṣé tèmi kì í ṣe èébú ni?"

"Alhája, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí Tíṣà—"

"Ajá á dé Òṣòdì o."

"Ó dára! Ó ti di Alhája-ṣeun."

"Ẹ má fi orúkọ mi sára ajá! Ẹ pè é ní À-ṣì-ń-gbé-bẹ̀. Òótọ́ nìyẹn."

Ó pè é bẹ́ẹ̀. Àyàntúndé ní kí wọ́n má gbàgbé èyí tí ó jẹ́ ti gbogbo ilé, ni Inú-ń-bí-wọn bá di Inú-ti-rọ̀. Ẹnìkan béèrè iyọ̀ àti oyin ìsọmọlórúkọ. Ìyàwó Bàbá Olúbọ̀wálé jókòó sórí òkúta, ó fi gèlè bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. N kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín.

Tíṣà jáde wá nígbà náà. Ó gbé ọmọ ajá náà, ó sì yí ikùn rẹ̀ sókè lórí ọwọ́ rẹ̀ kí gbogbo wa lè rí i.

"Ibo ni irun ti re? Ẹ wò ó. Ikùn, abẹ́ itan, ìgbúnwọ́, abẹ́ àgbọ̀n. Ẹ wá wo ẹ̀yìn rẹ̀."

"Ẹ̀yìn náà bó," ni Bàbá Olúbọ̀wálé wí.

"Ìyẹn ni ti Àyàntúndé."

Àyàntúndé bẹ̀rẹ̀ sí wo alùpùpù kan ní òkèèrè.

"Kòkòrò kì í ṣa ibi tí ara ti kan ilẹ̀ nìkan jẹ," ni Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Gbogbo ibi tí wọ́n fi ń dùbúlẹ̀ ni irun ti re, kò sì re níbòmíràn. Kí ni wọ́n wá ń dùbúlẹ̀ lé?" Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí ìwé àpò kan. Eruku sìmẹ́ǹtì kún inú rẹ̀. Níbi tí àwọn ọmọ ajá ti tọ̀ sí, ó ti dì mọ́ ìwé bí ìpara. "Ẹ na ọwọ́ yín, Bàbá Olúbọ̀wálé. Ẹ nà án, kì í ṣe èébú."

Ó na ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ní ọjọ́ Sátidé òun fúnra rẹ̀ máa ń bá àwọn bíríkìlà po sìmẹ́ǹtì kí wọ́n má baà jí i. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pupa, ó sì ti là yánnayànna.

"Bí ẹ bá ti Ailégùn dé, ẹ̀yin náà máa ń họra títí di Ajé. Mo ń rí yín. Ẹ̀yin àti àwọn ajá yín, ẹ máa ń jọ họ ọ́ ni. Sìmẹ́ǹtì tó bá bá omi pàdé máa ń jó ara. Ọmọ-ọmọ Alhája lọ ṣeré nínú rẹ̀, ó jó o lápá. Jẹ́nì kò sùn nínú rẹ̀, kò ṣe é ní nǹkan. Ẹ kó àwọn ọmọ yìí sórí iyanrìn lọ́dọ̀ ìyá wọn, ẹ fi omi tó pọ̀ fọ gbogbo ìranù yìí kúrò lára wọn, kí ẹ sì fún èyí ní omi mu. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."

Alhája wo apá ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ Bàbá Olúbọ̀wálé. "Mùnírù," ni ó wí, "lọ dá àpò Ìyá ẹlẹ́wà padà."

Wọ́n tú Jẹ́nì sílẹ̀. Wọ́n wẹ̀ wọ́n. Gbàmọ̀ràn mu omi, ó sùn, ó tún mu omi, ó sì jẹ egungun ẹja kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò pẹ́ tí irun fi ń hù sí ikùn wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́; apá ọmọ-ọmọ Alhája jinná; wọn kò lé ajá kankan jáde. Ẹ̀yìn wọn ni ó pẹ́ jù kí ó tó san, nítorí ìtọ́jú.

Ní ọ́fíìsì rẹ̀, Bàbá Olúbọ̀wálé ṣe àlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí òun ti ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn tí dókítà ti kùnà. Mo gbọ́ pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó sì tọ́; ta ni nínú wọn tí ó ti parọ́ fóòmù fún dókítà rí, kí ó sì tún borí àìsàn náà?

Ìṣòro kan ṣoṣo ni ó kù. Ajá kò ka ìpàdé ilé sí. À-ṣì-ń-gbé-bẹ̀ àti Inú-ti-rọ̀ gba orúkọ tuntun wọn láìjanpata, ṣùgbọ́n èyí tí ó kéré jù kò dáhùn sí ohunkóhun àfi orúkọ tí a fi bí i. Bàbá Olúbọ̀wálé a dúró ní àárín ẹ̀yìnkùlé ní òwúrọ̀, a ké pe Gbàmọ̀ràn títí. Ọmọ ajá náà a wò ó, a sì yí ojú sí ibòmíràn. Bàbá Olúbọ̀wálé mọ orúkọ tí yóò mú un sáré wá. Ó ti wà ní orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n fèrèsé Tíṣà wà ní ṣíṣí, kọ́tìnnì rẹ̀ sì ti ká sókè, nítorí náà yóò ká ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, yóò rọra rìn lórí iyanrìn, yóò sì lọ gbé e fúnra rẹ̀.